Ẹnu Ọ̀nà Tí Kọ́lẹ́rà Kò Rí Tì

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì bàyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni yóò rántí ìbéèrè kan tí kì í ṣaláì jáde nínú ìdánwò: ṣe àlàyé bí nǹkan ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì àti bí ó ṣe ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ diffusion, yóò kọ osmosis, yóò kọ active transport, yóò ya àwòrán róbótó kan tí ọfà ń wọlé tí ọfà sì ń jáde lára rẹ̀, olùkọ́ yóò sì fún un ní máàkì. Mo ti wà ní ìhà méjèèjì tábìlì náà, nítorí mo kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí n tó máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà máa ń parí sí, láìsí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọfà wọ̀nyẹn ni ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé tí àrunṣu ti gbé dè rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ọfà kan yẹn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò lè yéni bí a kò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ọfà náà ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Awọ kan ló yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa ká, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ léra wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí ẹyọ kan lọ. Ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1925, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Evert Gorter àti François Grendel, fa ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi títí ó fi di ìpele kan ṣoṣo, wọ́n wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó tó ìlọ́po méjì ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fà á jáde. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìpele ọ̀rá méjì ló lẹ̀ mọ́ra tó fi di awọ kan. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn wá rí i pé wọn kò fa gbogbo ọ̀rá náà tán, wọn kò sì wọn fífẹ̀ ara sẹ́ẹ̀lì náà pé, ṣùgbọ́n àṣìṣe kìíní pa àṣìṣe kejì rẹ́, ìdáhùn wọn sì tọ̀nà. Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Orí ló bá wọn ṣe é.

Ọ̀rá àti omi kì í rẹ́. Ẹni tó bá ti fi omi tútù fọ abọ́ ọbẹ̀ elépo rí kò nílò olùkọ́ kankan láti sọ èyí fún un. Nítorí náà, ohun tó bá lè yọ́ nínú ọ̀rá ni awọ yìí máa ń jẹ́ kó kọjá láì bi í léèrè. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí símú ń gba ibẹ̀ wọlé, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ń gba ibẹ̀ jáde, ọtí líle pẹ̀lú ń gba ibẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ kó tó gun orí ẹni tó mu ún. Ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ ni yóò ti máa ṣí lọ síbi tí ó ti kéré, títí ìhà méjèèjì yóò fi dọ́gba, kò sì ní ná sẹ́ẹ̀lì ní kọ́bọ̀. Diffusion nìyẹn. Ti iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ bá bọ́ sínú omi, ṣe ló máa ń pín sí méjì, sódíọ́mù àti kílóráìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára mànàmáná lára, omi yóò sì rọ̀ mọ́ wọn yí ká débi tí ọ̀rá kò fi ní gbà wọ́n láyè. Ṣúgà ní tirẹ̀ tóbi jù, omi ló sì bá rẹ́, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rá nìkan ni awọ náà ni, gbogbo iyọ̀ àti ṣúgà inú oúnjẹ wa ìbá kàn máa kọjá lọ sí ilé ìgbẹ́ ni. Ohun tó kó wa yọ ni pé àwọn purotéènì kan gún awọ náà já láti ìta dé inú, àwọn ló sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ohun tí ọ̀rá kò gbà. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló mọ ẹni tirẹ̀: èyí tó ń gba potásíọ́mù kì í gba sódíọ́mù, èyí tó ń gba omi kì í gba iyọ̀.

Ti omi yìí ni mo máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. A ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n níwọ̀nba sínú abọ́ méjì, a ó wọ́n iyọ̀ sí ọ̀kan bí ìgbà tí a bá fẹ́ dín dòdò, a ó sì fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó parí ohun tí mò ń kọ sójú pátákó, ara èyí tó ní iyọ̀ yóò ti máa dán, ìlẹ̀kẹ̀ omi wínníwínní yóò ti yọ lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá, bó bá sì ṣe díẹ̀ sí i, omi yóò ti dúró nísàlẹ̀ abọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yóò sì ti rọ̀. Abọ́ kejì yóò gbẹ gan-an bí a ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ fún omi jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Iyọ̀ tó wà níta ló pọ̀ ju ohun tó yọ́ sínú omi sẹ́ẹ̀lì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá sì pọ̀ sí ni omi máa ń wọ́ lọ, èyí tí à ń pè ní osmosis. Kí ẹ jọ̀wọ́ di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun náà ló ń pa ọmọ, òun náà ló sì ń gbà á là.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ ibi tí omi ń gbà kọjá wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ nínú awọ tí ó jẹ́ ọ̀rá. Peter Agre, dókítà ará Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Johns Hopkins, ló rí ìdáhùn náà, kò sì wá a. Purotéènì mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń lé kiri, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń dà á láàmú. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, wọ́n mú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jẹ́ ti gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi ohun tí ẹyin náà yóò fi lè ṣe purotéènì yìí sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú omi tí kò ní iyọ̀. Ẹyin tí wọn kò fi nǹkan kan sí jókòó sínú omi tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tó ní purotéènì náà wú, ó tún wú, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi bẹ́. Wọ́n pe purotéènì náà ní aquaporin, Agre sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003.

Títí dé ibí, ohun gbogbo tí mo sọ ń ti ibi tó pọ̀ lọ sí ibi tó kéré, bẹ́ẹ̀ ara alààyè kò lè fi ìyẹn nìkan wà. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, potásíọ́mù ló pọ̀, sódíọ́mù ló kéré. Nínú omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, òdìkejì rẹ̀ ni, sódíọ́mù ìta sì fi bí ìlọ́po mẹ́wàá ju ti inú lọ. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni purotéènì kan tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Jens Skou, ará Denmark, ló kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1957, lẹ́yìn tí ó ti lọ iṣan inú ẹsẹ̀ akàn ṣe àyẹ̀wò. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí purotéènì yìí bá ṣiṣẹ́, yóò ti sódíọ́mù 3 síta, yóò fa potásíọ́mù 2 wọlé, yóò sì ná ẹyọ kan nínú ATP, tí í ṣe owó tí ara ń ná fún iṣẹ́ gbogbo. Active transport nìyẹn. Bí a tilẹ̀ sùn sílẹ̀ tí a kò gbé ọwọ́, iṣẹ́ yìí nìkan ń jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan nínú ẹ̀bà tí a jẹ lálẹ́ àná, òun ni a fi ń lé sódíọ́mù jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Nobel ti Skou kò yá kánkán bíi ti Agre. Ọdún 1997 ni wọ́n tó fún un, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún? Sódíọ́mù tí a lé síta ń wá ọ̀nà àtiwọlé lójú méjèèjì, ara sì ti mọ bí a ṣe ń fi ìwọlé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Lára sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun kékeré, ní ìhà tí oúnjẹ ń gbà kọjá, ẹnu ọ̀nà kan wà tí sódíọ́mù kò lè dá gbà, tí ṣúgà náà kò sì lè dá gbà. Sódíọ́mù 2 àti gúlúkóòsì 1 gbọ́dọ̀ jọ dé ibẹ̀ kí purotéènì náà tó yí ojú rẹ̀ padà, kí ó sì tú wọn sínú sẹ́ẹ̀lì. Agbára tí sódíọ́mù fi ń rọ́ wọlé ni ṣúgà fi ń wọlé, àní bí ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ ti pọ̀ ju ti inú ìfun lọ. Láti ibẹ̀, ṣúgà yóò gba ẹnu ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ti Skou yóò ti sódíọ́mù jáde síhà kan náà, omi yóò sì wọ́ tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé èrò yìí kalẹ̀ níbi ìpàdé kan ní ìlú Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Onímọ̀ kẹ́mísìrì ara ni, kì í ṣe ẹni tí ń jókòó ti aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, ń ṣe nínú ìfun yìí kan náà. Kòkòrò rẹ̀ kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ojú ìfun ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló sì ti ń tu májèlé jáde. Apá 6 ni májèlé náà ní: 5 yóò di ọ̀rá kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì mú gírígírí, ẹyọ 1 tó kù ni oníṣẹ́ ibi. Sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà kan tó fi ń gbé ohun tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà gbogbo lọ mì, nípa pé yóò ká awọ rẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fà á wọnú. Ọ̀nà yìí gan-an ni májèlé náà ń gbà wọlé, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikú mì. Nígbà tó bá dé inú, ẹyọ kan yẹn yóò já ara rẹ̀ gbà, yóò sì mú kí cAMP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ láàárín ara rẹ̀, pọ̀ kọjá ààlà. Iṣẹ́ tí cAMP yìí ń jẹ́ ni pé kí ẹnu ọ̀nà kílóráìdì ṣí, kí ó má sì tì. Kílóráìdì yóò tú sínú ìfun, sódíọ́mù yóò bá a lọ, omi yóò sì tọ iyọ̀ lẹ́yìn. Àgbàlagbà tí ó bá mú dáadáa lè pàdánù omi tó lítà 1 láàárín wákàtí kan. Ohun tí yóò máa yà kò ní jẹ́ ìgbẹ́ mọ́, omi funfun tó dà bí omi ìrẹsì ni. Ojú yóò jìn wọnú, ohùn yóò lọ sílẹ̀, bí a bá fi ìka méjì fa awọ ikùn sókè, kò ní tètè padà sáyè rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, àwùjẹ̀ rẹ̀ yóò ti wọlé.

Ṣùgbọ́n májèlé yìí kò fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà tí sódíọ́mù àti ṣúgà jọ ń gbà. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí, ó sì máa ń dà bí àánú lójú mi. Àwọn ọ̀nà mìíràn tí iyọ̀ ń dá gbà wọlé, ó dí wọn. Nítorí náà, bí a bá fún aláìsàn ní omi iyọ̀ lásán, ìfun rẹ̀ kò ní rí nǹkan gidi fà nínú rẹ̀. Bí a bá fún un ní omi ṣúgà lásán, ṣúgà kò ní rí sódíọ́mù tó láti bá wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá po àwọn méjèèjì pọ̀ sínú omi ní ìwọ̀n tó yẹ, ìfun tó ń tú omi dànù náà yóò máa fa omi wọlé ní àsìkò kan náà, láti ara sẹ́ẹ̀lì kan náà. Kò dá ìgbẹ́ dúró. Ìgbẹ́ náà yóò ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé ń bá ohun tó ń jáde dọ́gba, aláìsàn yóò sì wà láàyè títí ara rẹ̀ yóò fi lé kòkòrò náà lọ, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun kì í pẹ́ kú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni tuntun ń rọ́pò wọn.

Kò rọrùn láti fi èyí yé ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ohun mìíràn. Ohun tí ojú ń rí ni pé ọmọ mu omi, omi sì jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ilé tí ọmọ ti ń ṣu tí a kì í ti í gbọ́ ohùn àgbà kan tí yóò sọ pé, “Ẹ má fún un lómi mọ́ o, ṣé ẹ ò rí i pé bó ṣe ń wọlé ló ń jáde ni?” Òmíràn yóò ní eyín ló fẹ́ hù, kí wọ́n fi sílẹ̀. N kò lè bú àwọn ìyá wa wọ̀nyẹn. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá fi ọ̀pọ̀ ọdún fi oúnjẹ du ọmọ tó ń ṣu, wọ́n ní kí ìfun rẹ̀ lè sinmi ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ lára sẹ́ẹ̀lì kò lè ronú pé èyí tó ń tú jáde lè má dí èyí tó ń gbà wọlé lọ́wọ́.

Ní ọdún 1968, àwọn dókítà ọ̀dọ́ méjì láti Amẹ́ríkà, David Nalin àti Richard Cash, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Dhaka, fi hàn pé bí a bá ń wọn ohun tó ń jáde lára aláìsàn kọ́lẹ́rà, tí a sì ń fi ẹnu dá iye kan náà padà fún un, omi tí a ní láti fà sí i lára yóò dín kù gidigidi. Nígbà tó di ọdún 1971, ogun gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú yàrá ìwádìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá kúrò ní ìlà-oòrùn Pakistan, tí ó ti di Bangladesh báyìí, wọ orílẹ̀-èdè India, kọ́lẹ́rà sì bẹ́ sáàárín wọn ní Bongaon, nítòsí ààlà. Dókítà Dilip Mahalanabis bá àwọn aláìsàn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n sùn sínú ìgbẹ́ àti èébì, omi tí wọ́n ń fà sí lára sì ti ń tán. Ó ní kí wọ́n máa wọn gúlúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ gíráàmù 3.5 àti sódà bàìkábónéètì gíráàmù 2.5 fún lítà omi kan. Wọ́n dì í sínú àpò náílọ́ọ̀nù, wọ́n kó o lọ sí àgọ́, wọ́n pò ó sínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn mọ̀lẹ́bí ló sì ń fi ife bù ú fún èèyàn wọn. Ṣáájú, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ló ń kú. Nínú àwọn tó mu omi náà, kò tó 4 nínú 100. Nígbà tó di ọdún 1978, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, kọ ọ́ pé ìmọ̀ nípa bí sódíọ́mù àti gúlúkóòsì ṣe jọ ń wọlé láti inú ìfun lè jẹ́ ìlọsíwájú tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìṣègùn ní ọ̀rúndún náà.

Bangladesh ni mo tún fẹ́ sọ ohun kan nípa rẹ̀ kí n tó padà wálé. Láti ọdún 1980, ẹgbẹ́ aláàánú ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé láti kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi náà: ìka mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣán iyọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n fi ń bu ṣúgà dúdú ìbílẹ̀ wọn. Owó tí òṣìṣẹ́ yóò gbà wà lọ́wọ́ ohun tí ìyá tó kọ́ bá lè rántí nígbà tí alábòójútó bá padà wá bi í léèrè. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti dé ilé tó lé ní mílíọ̀nù 12. Mo máa ń rò ó pé bí a bá ń san owó fún àwa olùkọ́ báyìí, ọ̀pọ̀ wa ni yóò ti yí bí a ṣe ń kọ́ osmosis padà.

Lọ́dọ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ṣíbí iyọ̀ 1 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, ṣíbí ṣúgà 10 tàbí kóró ṣúgà onígun 5, nínú omi ìgò bíà 1 tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò 2: ìyá mi mọ̀ ọ́n sórí. Mo rántí bí ó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí iyọ̀ inú ṣíbí dànù kí ó lè bá etí ṣíbí dọ́gba, tí yóò ro omi náà títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán, tí yóò sì tọ́ ọ wò kí ó tó fún ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fi ìwọ̀n àtijọ́ yìí ṣiṣẹ́ lónìí. Ṣíbí tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà jẹ́ kékeré, mílílítà 3 ni, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣíbí tó wà nílé wa báyìí jẹ́ 5. Ìgò bíà ìgbà náà gba mílílítà 600, ìgò ẹlẹ́rìndòdò gba 300, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ìgò oníke ló kún ọjà báyìí. Ẹni tó bá fi ṣíbí ńlá àti ìgò kékeré po ohun tí màmá rẹ̀ kọ́ ọ, iyọ̀ tí yóò fún ọmọ lè tó ohun tó ń fa gìrì.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú abọ́ wa kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí ohun tó yọ́ sínú omi tí ọmọ mu bá pọ̀ ju èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, omi yóò ti inú ara rẹ̀ wọ́ bọ́ sínú ìfun, ìgbẹ́ náà yóò sì le sí i. Ohun tí ẹlẹ́rìndòdò àti omi èso inú páálí ń ṣe fún ọmọ tó ń ṣu nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni gúlúkóòsì tí a bù yannturu sínú omi díẹ̀. Ṣúgà wọn pọ̀ jù, iyọ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Àjọ WHO àti UNICEF pàápàá dín ohun tó wà nínú ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi yìí, kù ní ọdún 2002. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 311 ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ohun tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó. Tuntun jẹ́ 245, ẹ̀jẹ̀ wa sì wà láyìíká 290. Omi náà wá fúyẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, ọ̀nà inú ara ni yóò sì máa wá. Sódíọ́mù inú rẹ̀ jẹ́ 75, gúlúkóòsì 75, iye kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jọ dé ẹnu ọ̀nà.

Ògì náà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ìfun bá ń lọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, gúlúkóòsì yóò máa jáde níwọ̀nba níwọ̀nba láìsí pé ó fa omi sódì, ìdí sì nìyẹn tí ORS tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún kọ́lẹ́rà. Omíkan tí àwọn ìyá kan máa ń fún ọmọ ni n kò fọkàn tán, nítorí kò sí ẹni tó wọn iyọ̀ inú rẹ̀.

Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbà pé a ti tọ́jú aláìsàn àfi tí a bá fa omi sí i lára. Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan ń fi ìbínú sọ pé àwọn gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n di fún àwọn. Ọmọ náà mu ún, ara rẹ̀ sì yá, síbẹ̀ ó ṣì ń kùn. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni, tí owó rẹ̀ sì gbówó lórí, inú rẹ̀ ìbá dùn. Òótọ́ ni pé omi tí a fà sí lára ni yóò gba ẹni tó ti dákú, tàbí ẹni tí omi ara rẹ̀ ti tán débi tí kò fi lè gbé nǹkan mì, kò sì yẹ kí a fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáfara. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ìyẹ̀fun ORS yẹn ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ èdè tó gbọ́, kò sì béèrè abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì tàbí iná mànàmáná.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ṣu nílé lónìí, ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ORS, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti lítà omi kan, èyí tí í ṣe píọ̀ wọ́tà onísẹ́ńtílítà 50 méjì, ṣùgbọ́n ti òmíràn yàtọ̀. Kí ó fọ ọwọ́, kí ó po gbogbo ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó má fi ṣúgà tàbí iyọ̀ kún un kí ó lè dùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 yóò máa mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jù ú lọ yóò máa mu 100 sí 200, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ife gbígbé dà sọ́nà ọ̀fun. Bí ó bá bì í, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ìyá má ṣe dáwọ́ ọmú dúró, kí wọ́n sì béèrè síǹkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ náà, bí ojú ọmọ bá jìn tí ó sì ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan rárá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní ṣíbíṣíbí lójú ọ̀nà bí ó bá ṣì lè gbé e mì. Omi tí a pò tí kò tán láàárín wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.